Ìyá Tí Ó Ń Bẹ̀rù Omi, Ọmọ Tí Kò Bẹ̀rù Rẹ̀

 

Láàárín àwọn ìwé tí ẹ kọ sí mi, ọ̀kan wà tí n kò lè fi sí abẹ́ àwọn yòókù. Ajégúnlẹ̀ ni ó ti wá, láti apá ibi tí ilé ti súnmọ́ omi. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni ẹni tí ó kọ ọ́. Ó ní àkọ́bí òun, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́wàá, kì í jókòó sí ilé mọ́ bí ó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Etí omi ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń lọ, wọn a sì máa wọ inú ọkọ̀ apẹja tí a so mọ́ èbúté. Ó ti nà án, ó ti fi ebi sùn ún ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ti bẹ olùkọ́ rẹ̀ kí ó bá a wí, síbẹ̀ etí omi náà ni ọmọ ń lọ. Ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé: "Àǹtí, omi ni ó gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje. Láti ìgbà náà n kò ti ẹsẹ̀ bọ ọ̀sà mọ́. Ṣé kí n kó ọmọ yìí lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìkàrẹ́, níbi tí kò sí ọ̀sà?"

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé kí ó mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi léèrè pé, èmi tí mo fẹ́ dáhùn yìí, kí ni mo mọ̀ nípa omi? Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé Èkó, n kò sì lè ka iye ìgbà tí mo ti gba orí afárá kọjá, ṣùgbọ́n n kò di àjẹ̀ mú rí. Mo kọ̀wé padà sí arábìnrin yìí pé kí ó má tíì di ẹrù ọmọ. Mo ní kí èmi àti òun àti ọmọ náà jọ lo ọjọ́ kan lórí omi ná, kí a tó sọ̀rọ̀. Ìwé méjì ni mo tún kọ kí ó tó gbà. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́. Ó ní obìnrin méjì tí kò mọ òmùwẹ̀ fẹ́ lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà. N kò lè bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ni ó sọ.

Bí ẹ bá ro orúkọ Ajégúnlẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ọkọ̀ ni a máa ń sọ pé ó gúnlẹ̀. Omi ni ó sì sọ Apápá di ohun tí ó dà. Láti ọdún 1926 ni ọkọ̀ ńlá ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté Apápá. Nígbà tí ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ǹtì wá ní ọdún 1975 pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí, ni ìjọba fi kọ́ èbúté kejì sí erékùṣù Tin Can, tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1977. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àwọn ilé tí ó wà ní agbègbè náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kọ ẹ̀yìn sí omi. Omi ni a ń da ìdọ̀tí sí, ibẹ̀ ni a kì í jẹ́ kí ọmọ dé, tírélà orí títì ni ojú wa sì ń wò láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Kí n tó sọ bí ọjọ́ náà ti rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé omi yìí fún yín, nítorí ẹni tí kò bá mọ èyí, àjẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́. Omi Apápá àti Ajégúnlẹ̀ kò dàbí odò Ògùn tàbí Ọ̀ṣun tí ó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo. Òkun ni ó ń darí rẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo tí ó tóbi ni ọ̀sà Èkó ní sí òkun, ẹnu yìí sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi òkúta ṣe ògiri sí ní ọdún 1908 kí ọkọ̀ ńlá lè máa ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni òkun ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni ó sì ń gbà jáde, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Bí i wákàtí mẹ́fà ni omi fi ń kún, bí i wákàtí mẹ́fà ni ó sì fi ń fà. Nítorí pé òṣùpá ni ó ń fa òkun, tí òṣùpá sì máa ń pẹ́ sí i kí ó tó yọ lójoojúmọ́, àkókò tí omi ń kún náà a máa sún síwájú ní bí i ìṣẹ́jú 50. Bí omi bá kún ní agogo 9 òwúrọ̀ òní, yóò tó nǹkan bí agogo 10 ku ìṣẹ́jú 10 kí ó tó kún ní òwúrọ̀ ọ̀la.

Ní Èkó, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tí ó fà kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ, èyí tí kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Omi gbogbo ọ̀sà ni ó ń dù láti gba ẹnu kan yẹn jáde. Nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun, àti nígbà tí ó bá kún rọ́bọ́tọ́, agbára omi a máa pọ̀ sí i. Nígbà tí òṣùpá bá ku ìdajì, omi a máa rọra lọ, a sì máa rọra bọ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn ni ó dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dára ju ìgbà òjò lọ, nítorí ní ìgbà òjò omi odò tí ó ti òkè wá a máa ti omi tí ó ń fà lẹ́yìn, ẹni tí ó bá wà lójú rẹ̀ kò ní dúró. Òwúrọ̀ dára ju ọ̀sán lọ, nítorí afẹ́fẹ́ òkun a máa le bí oòrùn bá ti ga. Nítorí ìdí wọ̀nyí ni a fi yan ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kìíní, tí òṣùpá ti dá sí méjì, tí omi yóò sì máa kún títí di ọ̀sán. Omi tí ó ń kún ń ti ènìyàn sí inú ilẹ̀ ni, omi tí ó ń fà ni ó ń gbé ènìyàn lọ sí òkun.

A wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní etí omi ní Liverpool ní Apápá. Kí a tó gbéra ni wọ́n pín ẹ̀wù ìléfòó fún wa, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní láífù jákẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti dá ilé iṣẹ́ LASWA sílẹ̀ ní ọdún 2008 láti máa bójú tó ọ̀nà omi, ọ̀ranyàn ni ẹ̀wù yìí jẹ́ fún èrò ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ti rí. Ẹni kan gbé tirẹ̀ lé itan, ẹni kan fi tirẹ̀ ṣe ìrọ̀rí. Ẹ̀wù tí a kò de gbogbo okùn rẹ̀ kò sàn ju aṣọ lásán lọ, bí ènìyàn bá já sí omi, yóò bọ́ gba orí rẹ̀. Ìyá kan wà nínú ọkọ̀ wa tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì wọ ẹ̀wù ìléfòó lé ọmọ náà lórí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ ọmọ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ̀wù náà yóò gbé ìyá léfòó, ojú ọmọ yóò sì wà nínú omi. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, nínú ọkọ̀ ojú omi, iwájú ni a ń gbé ọmọ sí, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀wù tí ó bá ara tirẹ̀ mu. Arábìnrin náà kò dùn sí mi, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ní òdìkejì Apápá ni àwọn erékùṣù bí i Tọ̀márò, Ṣàgbókọ̀jì àti èyí tí wọ́n ń pè ní Snake Island wà. Àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ègùn àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni ó ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n ń pẹja. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù yìí ni ọ̀nà omi tóóró kan wà, tí igi ẹ̀gbà dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń kọ́ àwọn àlejò ní ọkọ̀ wíwà. Ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó ti ń wa ọkọ̀ lọ ta ẹja láti ìgbà ọmọge, jókòó sí èbúté lórí àpótí, ó ń yan ẹja, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára omi.

Ìyá àgbà yìí ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́. Ó na ọwọ́ sí òpó èbúté. "Ẹ wo ibi tí òpó ti tutù, tí omi kò sì dé mọ́. Bí ibi tútù bá wà lókè omi, omi ń fà. Bí omi bá ń bo ibi gbígbẹ, ó ń kún." Ó tún ní kí a wo ọkọ̀ tí a so: imú rẹ̀ ni yóò kọ sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Ó fi ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó ń léfòó hàn wá, èyí tí ó ti apá Bàdágìrì wọ Èkó ní ọdún 1984, tí ó sì ti yọ apẹja lẹ́nu láti ìgbà náà. Ó ní ìyẹn pàápàá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ibi tí ó bá ń lọ ni omi ń lọ. Mo wo ọmọkùnrin wa. Kò ya ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ sì rí i pé ó mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ káyáàkì ni a fi kọ́ṣẹ́, èyí tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe. Orí rẹ̀ ni a ń jókòó sí, inú rẹ̀ ṣófo, ojú rẹ̀ sì dí, nítorí náà omi kò lè kún inú rẹ̀ bí ó ti ń kún inú ọkọ̀ onígi. Àjẹ̀ rẹ̀ ní abẹ ní orí méjèèjì. Ó wù mí láti sọ ìtàn ọkọ̀ yìí díẹ̀. Àwọn Inuit, tí ń gbé ilẹ̀ yìnyín ní Greenland àti ní òkè Kánádà, wà lára àwọn tí ó ni ín. Igi tí òkun gbé wá sí èbúté àti egungun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe eegun rẹ̀, wọn a sì fi awọ ẹran omi bò ó. Obìnrin ni ó ń rán awọ náà. Bí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá jò, ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ wà nínú ewu. Wọ́n tún ní ọkọ̀ mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ, umiak ni orúkọ rẹ̀, àwọn ará ibòmíràn a sì máa pè é ní ọkọ̀ obìnrin, nítorí pé àwọn obìnrin ni ó sábà máa ń wà á. Nítorí náà, bí ọkọ ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ọkọ̀ wíwà, kí ó fún un ní èsì yìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ lọ títí. Ó ní ẹni tí kò bá tíì ṣubú rí kò tíì ṣe tán láti lọ. Níbi tí omi kò ju ìbàdí lọ, kí olúkúlùkù jókòó sórí ọkọ̀, kí ó sì yí i dé fúnra rẹ̀, kí ó di ọkọ̀ náà mú, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀. Arábìnrin wa mi orí. Omijé ti wà lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmi, ẹ wò mí." Ó ti sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé òun mọ òmùwẹ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ òun lọ. Ó fò sórí káyáàkì, kò sì dúró kí wọ́n parí ọ̀rọ̀, ó yí i dé. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Omi wọ̀ ọ́ nímú. Ẹ̀wù ìléfòó gbé e dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà á kọjá kí ó mọ̀ pé òun ti dìde. Ó ń fi ọwọ́ gbá omi, ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ òun lè kanlẹ̀, ó sì kígbe pe ìyá rẹ̀.

N kò rí ìgbà tí ìyá náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí mo máa wò, ó ti wà nínú omi dé ìbàdí, aṣọ àti bàtà lára rẹ̀, ó ti gbá ọmọ mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ewu kankan. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá àgbà kò gbé ojú kúrò lára ẹja rẹ̀, ó kàn sọ pé, "Ó kúkú ti wọlé."

Ọmọ náà kò mọ òmùwẹ̀ rárá. Ó mọ ìgbà tí omi ń kún, ó mọ ìgbà tí ó ń fà, ó lè di àjẹ̀ mú, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tí ó ti ń wọ ọkọ̀ apẹja ní Ajégúnlẹ̀, kò sí ẹni tí ó tíì fi bí ènìyàn ti ń léfòó hàn án. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni òun náà ń ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ tí ó ń nà án kò mọ ohun tí ì bá kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá náà gun káyáàkì, tí ó sì yí i dé lẹ́ẹ̀mejì. Kò fi ọkọ̀ sílẹ̀. Èmi yí tèmi dé lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì tó mi.

Ọkọ̀ wíwà fúnra rẹ̀ kò le bí mo ti rò. A ń jókòó ṣánṣán, orúnkún ká díẹ̀, ẹsẹ̀ tẹ ibi tí a ṣe fún un. Ọwọ́ méjèèjì a jìnnà sí ara wọn lórí àjẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀. A ó ti abẹ àjẹ̀ bọ omi nítòsí ẹsẹ̀, a ó fà á dé ìbàdí, a ó yọ ọ́, a ó sì ti apá kejì bọ̀ ọ́. Àyà àti ikùn ni kí a fi máa yí, kì í ṣe apá nìkan. Ẹni tí ó bá ń gún iyán mọ̀ pé apá nìkan kì í ṣe iṣẹ́ pẹ́. Bí a bá fẹ́ yà sí òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi gbá omi gbọọrọ. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá kọjá níwájú tí ìgbì rẹ̀ ń bọ̀, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí ìgbì náà, ẹ má jẹ́ kí ó bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá àti ti bààjì tí ó ń kó kọ̀ǹténà kì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dé rárá. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró, bóyá kò tilẹ̀ rí yín.

Ní ti aṣọ, ẹ má ró ìró. Ṣòkòtò kúkúrú tàbí kaba tí kò gùn ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú fìlà àti omi mímu. Ẹ bọ́ wúrà yín sílẹ̀ nílé. Omi Èkó kò mọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá ní egbò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ẹni tí ó bá sì wọ̀ ọ́, kí ó fi ọṣẹ wẹ̀ bí ó bá ti délé, kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

A wà lórí omi títí ó fi kù díẹ̀ kí ó tó agogo 12. Omi dúró jẹ́ẹ́, ojú igi ẹ̀gbà hàn nínú rẹ̀ bí ẹni pé inú dígí ni. Mo fẹ́ kí a tún lọ sí i, ara mi ti mọ́ ọn. Ọmọ náà ni ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ewé yẹn, ó ti yí padà." Ewéko olódòdó kan tí ó ti ń bá wa wọlé láti òwúrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí rọra gba ọ̀dọ̀ òkun lọ. Ìyá àgbà ti dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pè wá. A sì wa ọkọ̀ padà lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Etí igi ẹ̀gbà ni ó ní kí a máa gbà, nítorí omi kì í lágbára létí bí ó ti lágbára láàárín.

Nígbà tí a ń jẹ ẹja yíyan ni mo sọ̀rọ̀ Ayomide Bello fún ọmọ náà, ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ó gba àmì wúrà mẹ́rin nínú ọkọ̀ wíwà ní Eré Ìdárayá Áfíríkà ní Rabat ní ọdún 2019. Ní ọdún 2021, ó wà ní Tokyo nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí obìnrin du ọkọ̀ tí a ń kúnlẹ̀ wà nínú eré Òlíńpíìkì. Ọmọ náà béèrè bóyá ó mọ òmùwẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò mí, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà.

Ìdáhùn mi sí ìwé rẹ̀ nìyí, mo sì sọ ọ́ fún un kí a tó wọ ọkọ̀ padà: kí ó má kó ọmọ lọ sí Ìkàrẹ́. Bí ó bá padà dé ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi yóò ṣì wà níbẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n ju ti ìsinsìnyí lọ, yóò sì tóbi ju ẹni tí a lè pè padà lọ. Kí ó ra ẹ̀wù ìléfòó tí ó bá a mu, kí ọmọ náà má sì dé etí omi láìwọ̀ ọ́, àti láìsí àgbàlagbà tí ó mọ òmùwẹ̀ níbẹ̀. Kí òun àti ọmọ jọ kọ́ bí a ti ń léfòó. Kí ó dá pàṣán dúró ná. Ó gba gbogbo rẹ̀ àyàfi ti pàṣán, ó ní òun yóò rò ó.

Ìwé rẹ̀ tún tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Wọ́n ti lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọ ti lè fi ẹ̀yìn léfòó. Òun fúnra rẹ̀ ṣì ń di ọwọ́ ẹni tí ó ń kọ́ wọn mú. Ó ní ọmọ náà ti fi ṣọ́ọ̀kì ya àkókò kíkún omi sí ara ògiri ilé ìdáná, ó sì ń fi ìṣẹ́jú 50 kún un ní alaalẹ́. Ní ọjọ́rú, ó lọ wo òpó ní etí omi fúnra rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó fi bí i ìṣẹ́jú mẹ́wàá yàtọ̀, wọ́n sì ti ń jiyàn lórí rẹ̀ láti ìgbà náà.